Àwọn Kòkòrò Ajèéfín Ìlú Onírin

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé, ara mi sì le. Kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìròyìn kan ṣe. Wọ́n ní gbogbo Ọ̀fà títí dé Ìjàgbo ló ti gbọ́ pé ọmọ Alhaja ológì lọ kọ́ ọtí pípọn ní Ṣáínà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Sípírítì ni mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá wa kó tó gún wa lábẹ́rẹ́, tí wọ́n tún lè pò mọ́ epo mọ́tò. Kì í ṣe ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é níbi tí mo lọ, kì í sì í ṣe ẹmu. Èéfín ni. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń jẹ èéfín ilé-iṣẹ́ irin, bó bá sì jẹun yó, sípírítì ló ń tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bóyá ó ṣeé mu.

Orúkọ mi ni Síkírátù. Láàbù pólì wa ní Ọ̀fà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge mi. Ẹni tó bá mọ Òjòkú, ìlú ìtòsí wa, mọ òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ àti ṣùkù àgbàdo tó máa ń jẹrà sẹ́yìn ilé níbẹ̀. Ọ̀gá láàbù wa ti kà á pé bí a bá jó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù tí afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀, èéfín tó máa jáde kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí àwọn kòkòrò náà ń jẹ. Èéfín wa wà, kòkòrò ni kò sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi rán mi lọ fún oṣù méjì. Ọ̀gá mi sọ ọ̀rọ̀ náà láìfepo-bọyọ̀.

"Síkírá, ìgò kan ni wọ́n máa fún ẹ tọ́jú. Bí kòkòrò inú ẹ̀ bá wà láàyè dọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n á fún ẹ ní irúgbìn ẹ̀ gbé wálé. Bó bá kú, ìwé ẹ̀rí lásán lo máa gbé bọ̀. Mi ò sì rò pé wọ́n á tún gba ẹlòmíì lọ́wọ́ wa."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹnu lèmi náà fi sọ ọ́.

Ìjàkadì ní ibùdókọ̀

Ọmọ ìlú rélùwéè ni mí, mo rò pé kò sí ohun tí ọkọ̀ ojú irin tún lè fi dẹ́rù bà mí. Èyí tí mo wọ̀ láti olú-ìlú wọn sáré débi pé igi àti ilé ẹ̀bá ọ̀nà di ìlà kan ṣoṣo lójú mi, síbẹ̀ omi inú ife iwájú mi kò mì. Mo gbójú kúrò lójú fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ife. Mo rántí ọkọ̀ ojú irin tiwa, mo rẹ́rìn-ín, arákùnrin tó jókòó tì mí sì rọra sún mọ́ ògiri.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a wọ ìlú onírin. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni iná tó ń jó lórí àwọn òpó gíga, láìsí ìkòkò lórí rẹ̀, láìsí ẹni tó ń yá a. Èéfín ilé-iṣẹ́ irin tí wọn kò rí nǹkan fi ṣe ni wọ́n ń sun dànù lókè yẹn. Gbogbo afẹ́fẹ́ ń rùn bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná jáde. Òtútù tó kọ lù mí níbẹ̀, ọyẹ́ Ọ̀fà kò tó ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn méjì ló wá pàdé mi. Mẹ́ì ni ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù wọn, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì máa ń túmọ̀ fún mi. Ẹnì kejì ni Ọ̀gá Wẹ́n, bàbá kúkúrú kan tí orí rẹ̀ ti funfun, tó mú fíláàsì omi gbígbóná dání. Òun ni olórí gbogbo iṣẹ́ kòkòrò níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n á rán dírẹ́bà sí mi, bàbá náà fúnra rẹ̀ ló jáde nínú òtútù. Ó bu omi gbígbóná sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó wá na ọwọ́ sí báàgì mi.

Ẹ sọ fún mi, ọmọ ta ni yóò jẹ́ kí bàbá arúgbó gbé ẹrù fún òun? Mo fà á. Bàbá fà á. Mo ní, "Rárá o, Bàbá, ẹ fi sílẹ̀," ní Yorùbá gidi, torí ọ̀rọ̀ bá mi lójijì. Òun náà ń sọ tirẹ̀ ní èdè tirẹ̀. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ bàbá yẹn dá mi. Ó gba báàgì náà, ó gbé e sí èjìká, ó ń lọ.

Mẹ́ì ń rẹ́rìn-ín. "Ó ní àlejò kì í gbé ẹrù. Ó tún ní kí n bi yín bóyá ẹ ti jẹun."

Bí wọ́n ṣe máa ń kí èèyàn níbẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ibi tí mo wá kò jìnnà sílé tó bí mo ṣe rò.

Oúnjẹ àti ojú

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ohun gbogbo ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, títí kan ẹ̀fọ́. Ẹyin sísè àti ìrẹsì funfun ni mo jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mẹ́ì wò mí, ó ní mo ti ń gbẹ, ó sì mú mi lọ sí ẹ̀yìn ọjà kan tí ọkùnrin onífìlà funfun kan ti ń fi ọwọ́ fa ìyẹ̀fun pípò, tí á di okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí á sì jù ú sínú omi híhó. Mo ní, "Àsàlámù àlékúmù." Ọkùnrin náà fi ìyẹ̀fun sílẹ̀, ó jáde, ó dá mi lóhùn, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wo mùsùlùmí dúdú. Ẹran àgùntàn tí wọ́n kó sínú abọ́ mi lọ́jọ́ náà pọ̀ ju okùn ìyẹ̀fun lọ. Ata wọn kì í ta bíi tiwa, ńṣe ló ń mú ahọ́n kú. Mo sọkún díẹ̀ sínú ọbẹ̀ náà, kì í sì í ṣe ata nìkan ló fà á.

Wọ́n máa ń wò mí o, mi ò ní purọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá àgbà kan fọwọ́ ra apá mi, ó wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá àwọ̀ ti kun ún, ó wá fi ọsàn méjì tọrọ àforíjì. Ọjọ́ mìíràn inú á bí mi, ọjọ́ mìíràn èmi náà á máa wò wọ́n padà láìṣẹ́jú, a ó jọ bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí ẹni kan tó bú mi.

Ohun tí ń pa wá ni wọ́n ń jẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ náà. Ẹ rántí afẹ́fẹ́ tó máa ń wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó máa ń pa tọkọtaya mọ́ inú yàrá tí wọ́n ti tilẹ̀kùn. Irú afẹ́fẹ́ yẹn ló ń tú jáde níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ẹ̀rọ kékeré kan wà láyà gbogbo wa, tí á ké bí afẹ́fẹ́ náà bá pọ̀ jù ní sàkání wa. Dípò kí wọ́n máa sun gbogbo rẹ̀ dànù lókè, wọ́n ti fa páìpù láti ibẹ̀ wá sínú àwọn táǹkì tó ga ju mínárẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí lọ. Inú omi táǹkì wọ̀nyí ni àwọn kòkòrò wà. Ohun tó ń pa èmi àti ẹ̀yin, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ohun tó sì ń pa wọ́n ni afẹ́fẹ́ rere tí a ń mí sínú.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró lábẹ́ táǹkì náà, orí mi wú. Mo gbétí lé irin rẹ̀, mo gbọ́ bí èéfín ṣe ń hó kùtùkùtù nínú omi. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, sípírítì ń dà sínú àgbá, ó mọ́ gaara. Mo dá a sọ pé Ọlọ́run tóbi. Mẹ́ì kò túmọ̀ ìyẹn, àmọ́ Ọ̀gá Wẹ́n mi orí rẹ̀ bí ẹni tó gbọ́.

Ìgò tí wọ́n fún mi tọ́jú kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Mo sọ ọ́ ní Àbíkẹ́. Wọ́n po èròjà kan mọ́ omi inú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ ìta bá kàn án, omi náà á pọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, omi Àbíkẹ́ dàrú bí omi orí ògì, àmì pé àwọn kòkòrò ti ń bí sí i. Ìdí ògì ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ìrísí nǹkan tó ń kan. Ọ̀gá Wẹ́n fi àtàńpàkò kí mi.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la máa ń bu díẹ̀ nínú omi náà fún àyẹ̀wò, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n wà. Ọwọ́ ọ̀tún mi á fún rọ́bà tí omi ń gbà jáde pinpin. Ọwọ́ òsì á gbé ìgò kékeré tí mo bu omi sí fún ẹnì kejì, ẹni náà á gbé e kalẹ̀, á sì fi irin de rọ́bà. Kí wọ́n tó dè é, ọwọ́ ọ̀tún kò gbọdọ̀ tú. Mẹ́ì ló máa ń gbà á lọ́wọ́ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la sì fi ṣe é láìsí wàhálà kankan.

Omi pọ́n

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, òtútù mú Mẹ́ì, kò wá síṣẹ́. Mo bu omi, mo fún rọ́bà, mo yíjú láti gbé ìgò kékeré náà fúnni, ta ni mo rí tó na ọwọ́ méjèèjì sí mi? Ọ̀gá Wẹ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ mi, ẹ mọ ohun tí mo ṣe. Mi ò rò ó rárá. Ara mi ló dá a ṣe. Mo pààrọ̀ ìgò sí ọwọ́ ọ̀tún, mo tẹ orúnkún, mo gbé e fún bàbá bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà. Mo gbọ́ tí rọ́bà fa afẹ́fẹ́ ṣíìì. Kí n tó gbé ojú sókè, Àbíkẹ́ ti pọ́n láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn, bí omi sóbò tí wọ́n bu omi là.

Bàbá náà kò pariwo. Ó de rọ́bà, ó wo ìgò náà, ó wò mí. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rò pé mi ò bìkítà. Èdè kò sì sí lẹ́nu mi tí mo lè fi ṣàlàyé. Ní ọjọ́ kẹta, kòkòrò inú ìgò kò jẹ nǹkan kan mọ́. Wọ́n da Àbíkẹ́ nù.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Mo fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, ó ti gbọ́ ọ lóhùn mi.

"Síkírá, kí ló ṣe ẹ́?"

"Mọ́mì, kòkòrò mi ti kú. Èmi ni mo pa á." Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú ẹkún.

Ó ní, "Wọ́n ní kó o fi òsì gbé nǹkan fún bàbá àgbàlagbà?"

"Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn, Mọ́mì."

"Hẹ̀n-ẹ́n. O sì ti sọ fún bàbá náà pé bí a ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n á ní ará oko ni mí."

"Jẹ́ kí wọ́n ní ará oko ni ẹ́. Kí wọ́n má sáà ní aláìbìkítà ni ẹ́, torí ìyẹn ò sí nínú ilé wa. Lọ sọ fún un."

Orúnkún kò sí lára ìgò

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Mẹ́ì ti padà síṣẹ́. Mo ní kó bá mi túmọ̀, kó má sì yọ nǹkan kan kúrò. Mo sọ fún Ọ̀gá Wẹ́n pé níbi tí mo ti wá, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tíì wá sọ ti pé ká fi gbé nǹkan fún àgbà. Mo ní, "Ọwọ́ mi ló bọ̀wọ̀ fún yín, Bàbá, òun náà ló pa Àbíkẹ́." Ojú ń tì mí débi pé ilẹ̀ ni mo ń wò.

Bàbá náà jókòó. Ó bu omi gbígbóná, ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀. Mẹ́ì túmọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Ó ní òun ti ń bínú sí yín láti ọjọ́ yẹn, òun tọrọ àforíjì. Ó ní irú kòkòrò yìí ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ kí èèyàn tó dé, wọn ò mọ àgbà, wọn ò mọ ọmọdé, atẹ́gùn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó ní òun lè fún yín ní irúgbìn mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù, òfin ọjọ́ ìkẹyìn kò sì ní yí padà."

Mo sọ ìgò kejì ní Málọmọ́.

Ní àràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bàbá náà á so rọ́bà òfìfo kan mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Màá fi ọ̀tún fún rọ́bà náà pinpin, màá wá fi òsì gbé ife omi gbígbóná fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo da omi sí i lára. Apá òsì mi á nà dé àárín, á sì dúró bí ewúrẹ́ tó dé etí omi. Ẹ̀rín pa Mẹ́ì. Bàbá náà wò mí títí, ó wá sọ nǹkan kan.

"Ó ní ṣé orúnkún yín ló ń bínú? Ó ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ o. Orúnkún kò sí lára ìgò."

Mo tẹ orúnkún. Ọwọ́ ọ̀tún mi dúró lára rọ́bà, òsì mi sì jáde wẹ́rẹ́. Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó sì tẹrí ba fún mi. Láti ọjọ́ náà, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láràárọ̀, èmi lórí orúnkún, òun ń tẹrí ba. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka mìíràn máa ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà wá wò wá. Mo ti rìn dé ibi púpọ̀ láyé mi, mi ò tíì rí ọ̀gá tó ní sùúrù báyìí.

Málọmọ́ lọ́ra. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, omi rẹ̀ ṣì mọ́ bí omi kànga, mo sì ti ń ronú ohun tí mo fẹ́ wí fún ọ̀gá mi nílé. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, níwájú gbogbo wọn, Ọ̀gá Wẹ́n fúnra rẹ̀ ló dúró gba omi àyẹ̀wò náà lọ́wọ́ òsì mi. Ẹ̀rọ kà á pé ó yè, ó sì fi díẹ̀ péré kọjá ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n fún mi ní irúgbìn náà ní gbígbẹ, ìyẹ̀fun tín-ín-rín nínú ọ̀pá gíláàsì tí kò tó ìka mi. Mo kúnlẹ̀ gbà á.

Ọ̀fà

Ọ̀gá mi ti jó ṣùkù àgbàdo Òjòkú nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn láàbù kí n tó dé, ó ti ń kó èéfín rẹ̀ pamọ́. Mo da irúgbìn sínú omi, mo so páìpù mọ́ ọn. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan. Ọ̀gá mi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò mọ̀ bóyá irúgbìn náà kú sọ́nà ni, àbí èéfín wa ni kò bá a lára mu.

Òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni ìyá mi wọlé. Kò tíì wọ láàbù rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí ohun tó mú ọmọ òun sunkún ní ilẹ̀ òkèèrè. Ìgbà náà gan-an ni mo ń bu omi, ọ̀tún mi wà lára rọ́bà, ìgò kékeré wà ní òsì mi, ọ̀gá mi sì ti lọ wo iná lẹ́yìn ilé. Kò sí ẹlòmíràn tó máa gbà á.

Mo rọra kúnlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì wà lókè lára rọ́bà. Mo na òsì sí ìyá tó bí mi.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á."

Ó wo ọwọ́ náà. Ó wá gba ìgò náà, ó gbé e kalẹ̀, ó fi irin de rọ́bà bí mo ṣe ń júwe fún un. Omi inú ìgò ńlá kò pọ́n. Ó tún mú ìgò kékeré náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sún un mọ́ ojú bó ṣe máa ń wo omi orí ògì rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú.

"Ó ti dàrú," ó ní. "Nǹkan yìí ń kan. Síkírá, wọ́n wà láàyè."

Ibẹ̀ ni mo ti ń sunkún, lórí orúnkún mi. Ìyá mi nu ojú mi pẹ̀lú etí ìborùn rẹ̀, ó fà mí dìde.

"Mo ti gbà á o," ó ní. "Ṣùgbọ́n òsì yẹn, kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yìí."